Ọjọ́ Tí A Bá Mọ Jẹjẹrẹ Ni Kí Ìtura Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa. Bí àrùn jẹjẹrẹ bá ti jẹ aláìsàn dé ibi tí ọ̀bẹ àti oògùn kò fi ká a mọ́, wọn a pe ẹbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọn a sì wí fún wọn pé, "Kò sí ohun tí a tún lè ṣe, ẹ máa gbé e lọ sílé." Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì gbé e lọ sílé. Ó di orí ẹní, ó di igbe lóru, ó di kí àwọn ọmọ máa sá síta nítorí pé etí wọn kò gba ìkérora ìyá wọn mọ́. Àwa kò gbà pé òdodo ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a lè ṣe pọ̀. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é láti ọjọ́ tí a ti kọ́kọ́ mọ orúkọ àrùn náà, a kò sì ṣe é.

Ìtọ́jú tí a ń sọ ni èyí tí a ó máa pè ní ìtọ́jú ìtura nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìrora, èébì, àìróorunsùn, mímí hẹlẹ, òórùn egbò àti ìbẹ̀rù fúyẹ́ lára aláìsàn, kí ó sì gbé ẹbí rẹ̀ ró. Kì í ṣe orogún ìtọ́jú tí ń lé àrùn, kì í sì í ṣe ohun tí a ń mú wá nígbà tí ìyẹn bá ti kùnà. Àwọn baba wa ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń fi ọwọ́ kan lé jẹjẹrẹ, ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Kí a sọ pé obìnrin kan wà ní Èrìò-Èkìtì, àgbẹ̀ ni, ó sì ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ó rí kókó kan lọ́mú rẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Àrámọ̀kọ, ó wà ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó wà ní Ìjerò. Kò sí òǹkàwé wa kan tí kò mọ ọ̀kan. Nítorí pé kókó náà kò dùn ún, kò kà á sí. Ó lo àgbo, ó lọ gba àdúrà, oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí kókó náà di egbò ni ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ní kí ó lọ sí Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Láti ibẹ̀, bí ó bá nílò ohun tí kò sí nítòsí, ó di kí ó gba Ìtàwúrè àti Iléṣà kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí kí ó máa bá a lọ títí dé Ìbàdàn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa oògùn tí ń bá jẹjẹrẹ jà sí i lára. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú un bì, irun orí rẹ̀ re, ẹnu rẹ̀ korò, kò sì lè jẹun. Egbò rẹ̀ ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jókòó ti ẹlòmíràn nínú ọkọ̀. Ìrora kò jẹ́ kí ó sùn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nípa gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí pé jẹjẹrẹ ni àwọn oníṣègùn ń wò, wọn kò wo obìnrin náà. Nígbà tí ó gba oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì, kò padà lọ mọ́. Àwọn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn sá lọ. Kò sá lọ o! Ìyà ni ó lé e lọ.

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtura jẹ́ ohun tí a ń fún ẹni tí ó ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ìtura gan-an ni ó ń jẹ́ kí aláìsàn lè fara da ìtọ́jú títí tí ìtọ́jú fi ní àkókò láti ṣiṣẹ́. Ẹni tí èébì rẹ̀ dá, tí ó sùn lóru àná, tí egbò rẹ̀ kò rùn mọ́, òun ni yóò tún wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ẹni tí ìyà ti pa dé ojú ẹ̀mí, kódà bí a bá fi oògùn náà ta á lọ́rẹ, kò ní lọ gbà á.

Àwọn ohun tí a fi ń ṣe é kì í sì í ṣe ohun àrà. A lè fún aláìsàn ní oògùn èébì kí a tó fa oògùn jẹjẹrẹ sí i lára, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ó ti bì tán ni a ó máa wá a. Egbò tí ń rùn, oògùn Flagyl tí a lọ̀ kúnná, tí nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi sí i lábẹ́ àṣẹ dókítà, a máa lé òórùn rẹ̀ lọ, obìnrin náà a sì lè padà jókòó láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próséètì ti ràn dé eegun ẹ̀yìn rẹ̀, bí a bá fi ẹ̀rọ ìtànṣán sí ojú ibi tí ó ń dùn ún, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìrora náà a sábà dínkù láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tí ó le jù nínú ìrora, oògùn mọ́fíìnì tí a pò mọ́ omi ni a fi ń kápá rẹ̀. Aláìsàn a máa mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé ara rẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́, láìsí ibùsùn ilé-ìwòsàn. A ó sì fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ ki, nítorí pé mọ́fíìnì a máa dí inú.

Ṣùgbọ́n ara nìkan kọ́ ni ìrora ń gbé. Ìyáàfin Cicely Saunders, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ ayé pé ìrora aláìsàn pé mẹ́rin: ti ara, ti ọkàn, ti ẹbí àti owó, àti ti ẹ̀mí. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa. Obìnrin Èrìò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí a bá bi í pé kí ni ó ń dùn ún jù, ó lè má dárúkọ ọmú rẹ̀. Ó lè ní owó ilé-ìwé ọmọ òun ni, tàbí oko kòkó tí ọkọ òun ti tà, tàbí ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ lóru pé kí ni òun ṣe tí èyí fi bá òun. Ìtọ́jú tí kò bá gbọ́ èyí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn dé ìdí.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìtura, a ti gbà fún ikú nìyẹn. A bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2010, àwọn oníṣègùn ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ràn káàkiri ara wọn. Gbogbo wọn ni ó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìtọ́jú ìtura kún ti apá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ara wọn balẹ̀ jù, àwọn ni ìbànújẹ́ kò borí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n sì pẹ́ láyé jù. Ní ìṣirò ìdajì, àwọn tí ó rí ìtura lo oṣù 11.6, àwọn yòókù lo oṣù 8.9. Ẹni tí ó bá sọ pé ìtura ń yá ikú, kí ó dá wa lóhùn lórí èyí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Ní 1986, ó fi àtẹ̀gùn mẹ́ta lélẹ̀ fún kíkápá ìrora jẹjẹrẹ, mọ́fíìnì sì wà lórí àtẹ̀gùn kẹta. Ní 2014, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà fohùn ṣọ̀kan pé ìtọ́jú ìtura gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ìtọ́jú gbogbogbòò, kí ó má ṣe jẹ́ àjẹkù tí a ń gbé sílẹ̀ de ìgbẹ̀yìn. Ní 2021, Ìjọba Àpapọ̀ tiwa náà gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé wà. Ọ̀rọ̀ dídùn wà nínú ìwé. Ohun tí a ń béèrè ni pé, láti Abùjá dé Èrìò, níbo ni ìwé náà há sí?

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Àwọn tí ń ka iye aláìsàn jẹjẹrẹ lágbàáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, a rí àrùn náà lára ènìyàn tí ó lé ní 127,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 79,000. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sì wọn iye mọ́fíìnì àti irú rẹ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2017, ohun tí ó dé Nàìjíríà kò ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ìgò ni a nílò, ìgò méjì ni a rí. Ẹgbẹ̀rún ó dín méjì yòókù, igbe ni a fi rọ́pò wọn.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Owó kọ́, nítorí pé mọ́fíìnì tí a pò mọ́ omi wà lára oògùn tí owó rẹ̀ kéré jù láyé. Ìbẹ̀rù ni. Àwọn ìjọba ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ ọ́ di oògùn olóró. Àwọn dókítà ń bẹ̀rù ìwé àti ìwádìí. Àwọn ẹbí ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. A kò wí pé ìbẹ̀rù náà kò nídìí: ojú gbogbo wa ni tramadol ṣe ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ní gáréèjì, gbogbo wa ni a sì rí i nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de omi ikọ́ oní-codeine ní 2018. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin tí ń lé olè kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé. Ẹni tí ìrora jẹjẹrẹ ń jẹ, tí dókítà wọn oògùn fún níwọ̀n, tí nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ di ẹrú oògùn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ fi ìwé ìṣirò sí i, ẹ jẹ́ kí apòògùn fọwọ́ sí gbogbo ìgò tí ó bá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jáde.

Kì í ṣe pé a ń béèrè ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí. Ní Ìbàdàn tí ó wà nítòsí wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, oníṣègùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, àti àwọn tí ó bá a ṣe é, gbé iṣẹ́ ìtọ́jú ìtura dìde ní ilé-ìwòsàn ńlá UCH. Wọ́n ń po mọ́fíìnì, wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn, wọ́n sì ń bá aláìsàn lọ sílé rẹ̀ láàrin ìlú. A kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n lè bá délé. Ta ni yóò bá ti Èrìò délé?

Uganda ti dáhùn ìbéèrè yìí. Dókítà Anne Merriman, obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà rí, tí ó sì papòdà ní 2025, dá ilé ìtọ́jú ìtura sílẹ̀ ní Kampala ní 1993. Ó rí i pé dókítà kò pọ̀ tó láti dé abúlé. Nítorí náà wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ àkànṣe, nígbà tí ó sì di 2004, òfin ilẹ̀ náà gbà kí nọ́ọ̀sì tí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ yìí máa kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Uganda kò lọ́rọ̀ jù wá lọ. Wọ́n kàn pinnu ni.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Ìjọba Àpapọ̀ kò le. Ìkínní, ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Adó àti Ìdó-Èkìtì, kí àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ìtura rí aláìsàn jẹjẹrẹ ní ọjọ́ tí a bá sọ orúkọ àrùn rẹ̀ fún un, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí a bá ń lé e lọ sílé. Ìkejì, kí mọ́fíìnì olómi dé àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní Àrámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n àti ní Ìjerò, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òkèèrè nítorí ìgò kan. Ìkẹta, kí a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké, títí kan ti Èrìò, bí a ti ń tọ́jú egbò, bí a ti ń béèrè ìrora, àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n fi tẹlifóònù pe dókítà. Kí òfin sì fún wọn láyè bí ti Uganda. Ìkẹrin, kí ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkìtì ka ìtura mọ́ ìtọ́jú, kí ó sanwó rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: dókítà Ìdó nílò nọ́ọ̀sì Èrìò, nọ́ọ̀sì Èrìò sì nílò dókítà Ìdó.

Àwọn kan yóò wí pé òṣìṣẹ́ kò tó. Ohun kan náà ni àwọn kan wí nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955: pé olùkọ́ kò tó, pé ilé-ẹ̀kọ́ kò tó, pé owó kò tó. Ìjọba náà kò dúró de ìgbà tí ohun gbogbo yóò pé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ́ olùkọ́ bí ó ti ń lọ. Àwọn ọmọ Èkìtì mélòó ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí ìpinnu yẹn? Ohun tí a ṣe fún ọmọ tí ń dàgbà, a lè ṣe é fún ìyá tí ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa tí a wà nínú ilé pẹ̀lú. Ó jẹ́ àṣà wa pé kí ọmọ máa bẹ dókítà pé, "Ẹ má sọ fún màmá o." Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà mọ̀. Ara rẹ̀ ti sọ fún un. Bí gbogbo ilé bá wá dákẹ́, òun nìkan ni yóò máa bá ìbẹ̀rù rẹ̀ sùn. Kì í ṣe pé kí a ju òótọ́ lu aláìsàn bí òkò. Kí a bi í pé kí ni ó fẹ́ mọ̀, kí a sì dá a lóhùn dé ibi tí ó bá béèrè dé. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òun wà ni ó lè yàn bóyá kí wọ́n ta oko, ni ó lè pín ohun tí ó ní, ni ó lè bá ẹni tí ó ń bá jà parí ìjà. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà pẹ̀lú, a bẹ̀ yín: ẹ gbàdúrà fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba oògùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a kọ́kọ́ ń ké sí. Ní ìlú kékeré, olùkọ́ ni ó ń bá ìyá arúgbó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Ẹ̀yin ni ẹ ń rí ọmọ tí ń sùn ní kíláàsì nítorí pé òun ni ó ń ṣọ́ ìyá rẹ̀ lóru. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó nà án. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé jẹjẹrẹ kì í ràn nípa jíjókòó ti aláìsàn, kí wọ́n lè máa sún mọ́ ẹni wọn. Ẹ sì fi kálàmù yín kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ jù yín lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, jẹjẹrẹ kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn tí ń du ipò bá dé sí Èrìò, tí wọ́n bá ń ṣèlérí ọ̀nà àti iná mànàmáná, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan dìde láàrin yín kí ó bi wọ́n pé: "Ìgò mọ́fíìnì mélòó ni ó wà ní ilé-ìwòsàn Àrámọ̀kọ lónìí? Nọ́ọ̀sì mélòó ni ó mọ bí a ti ń lò ó?" Bí wọn kò bá mọ̀, ẹ ní kí wọ́n lọ wádìí, kí wọ́n sì padà wá sọ fún yín kí ẹ tó dìbò.

Ikú kò lóògùn. Àwa kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni lè mú un kúrò. Ìrora ni ó lóògùn, oògùn náà kò sì wọ́n. A kò gbọdọ̀ tún jẹ́ kí wọ́n wí fún obìnrin Èrìò pé kò sí ohun tí a tún lè ṣe fún un. Láti ọjọ́ tí ó ti fi ọwọ́ kan kókó náà ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é.